ILÉ LÀ Á WÒ: ÌDÍLÉ, OÒGÙN OLÓRÓ ÀTI BÍ A ṢE Ń FA Ọ̀DỌ́ LÉ OLÙTỌ́JÚ LỌ́WỌ́

  Ọ̀rọ̀ tí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ wa gbé lé mi lọ́wọ́ lónìí jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ó kan ilé púpọ̀, ṣùgbọ́n tí ilé díẹ̀ ni ó fẹ́ kí aládùúgbò gbọ́ sí i: ọ̀rọ̀ ọ̀dọ́ tí oògùn olóró ti wọ̀ lára, ìdílé tí ó ti jáde wá, àti bí a ṣe ń fà á lé àwọn tí yóò tọ́jú rẹ̀ lọ́wọ́.

Ohun tí mo fẹ́ fi hàn kò ju ẹyọ kan lọ. Bí a bá gbé irú ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀ dé ilé ìwòsàn, kò ní pẹ́ tí wọn yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í bi àwọn tí ó mú un wá léèrè nípa ìdílé. Ọ̀pọ̀ òbí a máa rò pé ẹjọ́ ni a pè wọ́n wá jẹ́. Èrò tèmi ni pé kì í ṣe ẹjọ́. Okùn ni dókítà ń wá, okùn tí a ó fi fa ọmọ náà jáde kúrò nínú kànga. Ìdílé tí ó bá fi okùn náà pamọ́ nítorí ìtìjú ń pa ọmọ rẹ̀ lára láìmọ̀.

1. Oògùn, oògùn olóró àti bárakú

Kí a tó lọ jìnnà, ó yẹ kí a yanjú àwọn ọ̀rọ̀ tí a ó máa lò. Nínú èdè wa, oògùn ni a fi ń wo ibà, oògùn ni a fi ń pa eku, oògùn náà sì ni a ń pè é bí ẹnì kan bá fi ohun ìjìnlẹ̀ dáàbò bo ara rẹ̀. Bí a bá wá fi olóró kún un, a ń sọ pé oró wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ohun tí ń ba ọ̀dọ́ jẹ́ lónìí ni ó ti ọwọ́ onífàyàwọ́ wá. Oògùn ikọ́ tí ó ní kódéìnì nínú, ikọ́ ni wọ́n ṣe é fún. Tramadol, ìrora ni wọ́n ṣe é fún. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún lè lò ó ní ìwọ̀n tí dókítà kọ, kí ó sì fi í sílẹ̀ láìsí wàhálà. Oró náà kò sí nínú ohun tí a mu nìkan. Ó wà nínú iye tí a mu, ìdí tí a fi mu ún, ọjọ́ orí ẹni tí ó mu ún àti bí ó ti pẹ́ tó tí ó ti ń mu ún. Igbó, ògógóró, paraga àti sìgá wà nínú ìṣirò yìí pẹ̀lú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin kò fi ojú kan náà wo gbogbo wọn.

Ìpele mẹ́ta ni mo fẹ́ kí a yà sọ́tọ̀. Èkíní ni kí ènìyàn lo nǹkan náà. Èkejì ni kí ó ṣì í lò, débi tí ó ń ṣe ìpalára fún ara rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ tàbí ẹbí rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni kí ó di bárakú fún un. Ọ̀rọ̀ bárakú yìí, bí a bá tú u palẹ̀, ó jọ pé ohun tí ó ń bá ara kú ni, èyí tí kò ní kúrò lára ẹni títí a ó fi wọ ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dára, nítorí ó jẹ́ kí a mọ̀ pé nǹkan ọ̀hún ti kọjá ohun tí ẹni náà lè fi ìfẹ́ inú ara rẹ̀ nìkan ṣẹ́gun. Ṣùgbọ́n ó ní ewu tirẹ̀: ó lè mú kí ẹbí sọ ìrètí nù. Ìmọ̀ ìṣègùn òde òní kò gbà pé dandan ni kí ó bá ara kú. Ó kà á sí àìsàn tí ó jọ ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ súgà. Ó lè pẹ́ lára, ó lè rọlẹ̀ kí ó tún gbérí, ṣùgbọ́n a lè tọ́jú rẹ̀, ẹni tí ó ń ṣe sì lè gbé ayé rẹ̀ dáadáa.

2. Bí ọ̀ràn náà ti gbilẹ̀ tó, àti ohun tí òfin ti ṣe sí i

Àjọ Ìṣirò ti Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà àti ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tí ń rí sí ọ̀rọ̀ oògùn olóró àti ìwà ọ̀daràn ṣe ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2019. Ìwádìí náà fi hàn pé nínú àwọn ọmọ Nàìjíríà tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 15 sí 64, mílíọ̀nù 14.3 ni ó lo oògùn olóró láàárín ọdún kan, láìka ọtí àti sìgá mọ́ ọn. Èyí jẹ́ 14.4 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn, tí í ṣe ilẹ̀ wa níhìn-ín, iye náà jẹ́ 22.4 nínú ọgọ́rùn-ún, òun ni ó sì ga jù lọ láàárín ẹkùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Igbó ni ó wọ́pọ̀ jù, nítorí mílíọ̀nù 10.6 ènìyàn ni ó mu ún. Àwọn tí ó ṣi oògùn ìrora bíi tramadol àti kódéìnì lò jẹ́ mílíọ̀nù 4.6. Nínú mẹ́rin tí ń lo oògùn, ọ̀kan jẹ́ obìnrin. Nínú márùn-ún, ọ̀kan ni lílò rẹ̀ ti di àìsàn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ọ̀ràn tiwọn burú jù lọ sọ pé àwọn fẹ́ ìtọ́jú, ṣùgbọ́n owó, ìtìjú àti àìsí ibi ìtọ́jú nítòsí ni ó dí àwọn lọ́wọ́.

Ọ̀nà ìjìyà ni òfin wa kọ́kọ́ gbà. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ni ó gbà pé àwọn ọmọ ogun wa tí ó ti Íńdíà àti Bọ́mà dé lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì wà lára àwọn tí ó mú igbó wọ ilẹ̀ yìí. Ní ọdún 1966, ìjọba ológun ṣe òfin pé ẹni tí ó bá gbin igbó lè kú tàbí kí ó lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 21, àti pé ẹ̀wọ̀n ẹni tí ó bá mu ún kò gbọdọ̀ dín ní ọdún 10. Wọ́n dẹ òfin náà lọ́wọ́ ní ọdún 1975. Ní ọdún 1984 ìjọba ológun mìíràn tún fi ìjìyà ikú sí i fún àwọn tí ń ta oògùn olóró, èyí tí wọ́n sì yọ kúrò lẹ́yìn náà. Ní ọdún 1989 ni wọ́n dá àjọ NDLEA sílẹ̀ láti gbógun ti oògùn olóró. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2018, ìjọba fi òfin de ṣíṣe oògùn ikọ́ tí ó ní kódéìnì nínú àti kíkó o wọ̀lú. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí Òfin Ìlera Ọpọlọ tuntun, tí ó rọ́pò òfin wèrè tí a ti jogún láti ayé ìjọba àmúnisìn.

Bí a bá to àwọn ọdún wọ̀nyí tẹ̀lé ara wọn, a ó rí i pé díẹ̀díẹ̀ ni èrò orílẹ̀-èdè wa ń yí padà, láti orí ẹ̀wọ̀n bọ́ sórí ìwòsàn. Ìbéèrè tí ó kù ni bóyá ilé wa náà ti yí èrò rẹ̀ padà.

3. Ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú ara

Ibùdó kan wà nínú ọpọlọ tí ń fún wa ní ìdùnnú bí a bá jẹun lórí ebi, bí a bá mu omi lórí òùngbẹ, tàbí bí ẹni tí a fẹ́ràn bá yọjú sí wa. Èròjà kan tí a ń pè ní dopamine wà lára ohun tí ń ṣe iṣẹ́ yìí. Oògùn olóró a máa mú kí èròjà yìí tú jáde bí àgbàrá. Ọpọlọ kì í jókòó lásán wo àgbàrá. A máa dí ojú ọ̀nà rẹ̀ kù. Nítorí náà, ohun tí ó tó ẹni náà lánàá kò ní tó o mọ́ lónìí, oúnjẹ kò sì ní dùn mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rẹ́, bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́. Nígbà tí ó bá yá, kì í mu ún nítorí ìgbádùn mọ́. A máa mu ún kí ara má baà ni ín.

Apá iwájú ọpọlọ ni ó ń sọ fún wa pé, "Dúró ná, ronú wò." Àwọn onímọ̀ sọ pé apá yìí kò gbó tán títí ènìyàn yóò fi sún mọ́ ọdún 25. Ọ̀dọ́ dà bí mọ́tò tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lágbára ṣùgbọ́n tí búréèkì rẹ̀ kò tíì mú dáadáa. Ìdí nìyí tí ohun tí àgbà mu tí kò ṣe é fi lè gbé ọmọ ọdún 17 lọ.

Mo fẹ́ kí àwọn òbí fi ohun kan sọ́kàn. Ẹni tí tramadol tàbí kódéìnì ti di bárakú fún, bí ó bá dédé dáwọ́ dúró, yóò máa yán ṣáá, ojú àti imú rẹ̀ yóò máa ṣomi, yóò máa làágùn, inú yóò máa lọ́ ọ, ìgbẹ́ gbuuru yóò máa yọ ọ́ lẹ́nu, egungun yóò máa ro ó, kò sì ní rí oorun sùn. Ọjọ́ kejì àti ìkẹta ni ó sábà máa ń le jù. Ẹni tí ó ti ń mu ọtí líle lójoojúmọ́ láti ọdún pípẹ́ ni ewu tirẹ̀ tún pọ̀ jù: bí ó bá dáwọ́ dúró lójijì, ọwọ́ rẹ̀ yóò máa gbọ̀n, gìrì lè mú un, ó lè máa rí ohun tí kò sí níbẹ̀, ó sì lè ti ibẹ̀ kú. Nítorí náà, kí a ti ọmọ mọ́ yàrá kí ó lè gbàgbé rẹ̀, tàbí kí a so ó mọ́lẹ̀, kì í ṣe ìtọ́jú. Ewu ẹ̀mí ni.

4. Àwọn ìbéèrè nípa ìdílé

Ẹ jẹ́ kí a wá fi ojú inú wo ọ̀dọ́mọkùnrin kan, ẹni ọdún 22. Kì í ṣe ẹnì kan pàtó. Ohun tí ó wọ́pọ̀ nínú ọ̀ràn báyìí ni mo fi hun àwòrán rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń ta aṣọ ní ọjà kan ní Ìbàdàn. Bàbá rẹ̀, tí í ṣe awakọ̀, kú nígbà tí ọmọ náà wà ní ọdún 11, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ sì mú un lọ sí agbo ilé tirẹ̀, níbi tí àwọn ọmọ mẹ́jọ mìíràn wà. Ó ṣe ìdánwò JAMB lẹ́ẹ̀mẹta, kò yege. Wọ́n fi í sí ìdí iṣẹ́ mẹkáníìkì. Níbẹ̀ ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń lo tramadol kí iṣẹ́ má baà rẹ̀ wọ́n. Hóró kan ni ó fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ó fi di ọdún kẹta, kò mọ iye hóró tí ó ń gbé mì mọ́. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, gìrì mú un, wọ́n sì sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba. Ìyá rẹ̀ àti ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ni ó tẹ̀ lé e.

Dókítà béèrè pé, "Ǹjẹ́ ẹnì kan wà nínú ìdílé yín tí ó mu ọtí àmujù rí, tàbí tí ọpọlọ rẹ̀ dàrú rí?"

Ẹ̀gbọ́n bàbá dáhùn kíá pé, "Dókítà, nínú ìdílé tiwa, a kì í ṣe irú rẹ̀."

Ìyá kò sọ nǹkan kan. Ìgbà tí bàbá náà jáde lọ san owó káàdì ni ó tó sún mọ́ dókítà, tí ó sì sọ fún un pé, "Ẹ jọ̀ọ́, Dókítà, ẹ dákun, ẹ má kọ ọ́ sínú ìwé. Bàbá rẹ̀ kì í jí kí ó má mu ún. Ṣùgbọ́n ẹbí ọkọ àfẹ́sọ́nà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ṣì ń wádìí wa lọ́wọ́."

Kí ni dókítà fẹ́ fi ìdáhùn yìí ṣe? Lákọ̀ọ́kọ́, ìwádìí lára àwọn ìbejì ti fi hàn pé nǹkan bí ìdajì ewu pé ọtí yóò di bárakú fún ènìyàn ni ó jẹ́ ohun àjogúnbá. Àjogúnbá yìí kì í ṣe ìdájọ́. Ohun tí ó túmọ̀ sí ni pé, bí bàbá bá ní in, ọmọ kò lè ṣeré níbi tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń ṣeré. Èkejì, ó béèrè ẹni tí ó tọ́ ọmọ náà àti ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú ayé rẹ̀, nítorí ọmọ tí bàbá rẹ̀ kú, tí a sì mú kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ láàárín ọdún kan náà, ti gbé ẹrù kan tí ẹnikẹ́ni kò bá a sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀kẹta, ó béèrè ẹni tí ó ti mọ̀ àti ìgbà tí ó ti mọ̀. A rí i pé ìyá ti mọ̀ láti ọdún méjì, ó sì ń san gbèsè ọmọ náà ní bòókẹ́lẹ́ kí ẹ̀gbọ́n bàbá má baà lé e jáde. Ìfẹ́ ni ó mú kí ó ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n owó náà ni ọmọ fi ń ra hóró mìíràn.

Ìbéèrè kẹrin ni mo kà sí pàtàkì jù lọ: "Ọ̀rọ̀ ta ni ó máa ń gbọ́?" Ẹ̀gbọ́n bàbá rò pé òun ni. Nígbà tí a bi ọmọ náà fúnra rẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀, ó ní ìyá ìyá òun tí ń gbé ní Ọ̀yọ́ ni, àti ọ̀gá òun ní ìdí iṣẹ́, ẹni tí ó ti lé òun lẹ́ẹ̀mejì tí ó sì tún gba òun padà lẹ́ẹ̀mejì. Okùn tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan nìyẹn. Bí a kò bá béèrè, a kì bá tí mọ̀ pé ó wà.

5. Ìdí tí ilé fi ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́

Ìyá yìí kì í ṣe òpùrọ́, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n bàbá kì í ṣe ìkà. Láti ayébáyé, kí àwọn Yorùbá tó fi ọmọ fún ọkọ, wọ́n a máa ṣe ìwádìí ìdílé. Alárinà àti àwọn àgbà a máa béèrè ní bòókẹ́lẹ́ pé: Ǹjẹ́ wèrè wà ní ilé yẹn? Ǹjẹ́ wárápá wà níbẹ̀? Ẹ̀tẹ̀ ńkọ́? Ǹjẹ́ wọn kì í jalè, wọn kì í jẹ gbèsè? Ìdílé tí ìdáhùn rẹ̀ kò bá dára lè rí i kí àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ jókòó sílé títí. Ìdáàbòbò ni àwọn baba wa fi ìwádìí yìí ṣe, ó sì ní ọgbọ́n nínú.

Nígbà tí dókítà bá wá béèrè ohun kan náà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan náà, etí alárinà ni ìyá fi ń gbọ́ ọ. Ìbéèrè méjèèjì jọra ní ẹnu, ṣùgbọ́n ète wọn yàtọ̀ bí ọ̀sán ti yàtọ̀ sí òru. Ohun tí yóò jẹ́ kí a sá fún ilé ni alárinà ń wá. Ohun tí a ó fi dúró ti ilé ni dókítà ń wá. Àwọn àgbà wa tí ó sọ pé ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ kò sọ pé kí a wo ilé kí a tó kọ ọmọ sílẹ̀. Orúkọ ni a fẹ́ fún un, ipò kan láàárín ènìyàn.

Nítorí náà, iṣẹ́ kan wà fún àwọn oníṣègùn wa pẹ̀lú. Kò yẹ kí a bi ìyá ní irú ìbéèrè yìí lójú àna rẹ̀, tàbí kí a béèrè rẹ̀ láìsọ ìdí. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ fún un pé ọ̀rọ̀ tí ó bá sọ kò ní jáde sí ìta, kí a sì sọ ohun tí a fẹ́ fi ṣe.

6. Ìfàlénilọ́wọ́

Dókítà ilé ìwòsàn ìjọba lè dá gìrì dúró, ṣùgbọ́n kò lè dá nìkan wo bárakú. Yóò kọ ìwé láti fi ran ọmọ náà lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tí wọ́n kọ́ iṣẹ́ yìí ní ilé ìwòsàn ńlá, irú bíi ti Àrò ní Abẹ́òkúta, níbi tí ẹ̀ka kan wà fún àwọn tí oògùn olóró ń dà láàmú, tàbí ti Yábà ní Èkó, tí a ti dá sílẹ̀ láti ọdún 1907, tàbí ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ ní UCH ní Ìbàdàn. Àjọ NDLEA náà ní ẹ̀ka ìgbaninímọ̀ràn. Ìgbésẹ̀ yìí ni mo pè ní ìfàlénilọ́wọ́, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ yan ọ̀rọ̀ náà. Bí a bá fa ìyàwó lé ẹbí ọkọ lọ́wọ́, a kì í gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. A máa ń bẹ̀ ẹ́ wò, a máa ń béèrè àlàáfíà rẹ̀, ilé bàbá rẹ̀ ṣì jẹ́ ilé rẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni fífà lé ni lọ́wọ́, ọ̀tọ̀ ni jíjù sọnù.

Ìwé ìfàlénilọ́wọ́ tí ó péye gbọ́dọ̀ sọ ohun tí ọmọ náà ń lò, iye rẹ̀ àti ìgbà tí ó lò ó kẹ́yìn. Ó gbọ́dọ̀ sọ bí gìrì ti mú un rí. Ó gbọ́dọ̀ sọ ìtàn ìdílé rẹ̀. Ó sì gbọ́dọ̀ dárúkọ ẹni tí yóò máa bá a bọ̀. Bí páálí tàbí ìgò ohun tí ó ń lò bá wà nílé, kí ẹbí mú un dání lọ. Ní ibẹ̀, wọn yóò kọ́kọ́ bá a la ìnira ìdáwọ́dúró já lábẹ́ àbójútó. Ọjọ́ díẹ̀ sí ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni èyí. Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ gidi tó bẹ̀rẹ̀, tí ó lè gba ọ̀pọ̀ oṣù: ìjíròrò, ìkẹ́kọ̀ọ́ bí a ṣe ń yẹra fún ohun tí ń fa ọkàn rẹ̀, ìtọ́jú ìbànújẹ́ tàbí àìsàn ọpọlọ mìíràn tí ó bá wà lábẹ́ rẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́, àti ìjókòó pọ̀ pẹ̀lú ẹbí.

Àwọn ibùdó kan wà tí wọ́n ń pe ara wọn ní ibi ìmúbọ̀sípò, ṣùgbọ́n tí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ àti pàṣán ni ohun èlò wọn. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, àwọn ọlọ́pàá tú ènìyàn 259 sílẹ̀ ní irú ibùdó kan ní Ìbàdàn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó jẹ́ pé ẹbí wọn ni ó fà wọ́n síbẹ̀. N kò bú àwọn ẹbí wọ̀nyẹn, nítorí ẹni tí omi ń gbé lọ a máa di koríko mú. Ṣùgbọ́n kí a tó fi ọmọ sílẹ̀ níbikíbi, kí a béèrè nǹkan mẹ́ta: Ǹjẹ́ ìjọba mọ̀ wọ́n? Ǹjẹ́ dókítà àti nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀? Ǹjẹ́ wọn yóò gbà kí a wá máa wò ó? Bí ìdáhùn sí ẹ̀kẹta bá jẹ́ rárá, kí a mú ọmọ wa padà.

7. Ẹ̀kọ́ tí Àrò kọ́ ayé

Àwọn kan lè rò pé fífi ẹbí sínú ìtọ́jú jẹ́ ọgbọ́n àwọn òyìnbó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1954, Dókítà Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, tí ó padà di Ọ̀gá Àgbà Yunifásítì Ìbàdàn tí ó sì tún di igbákejì olórí Àjọ Ìlera Àgbáyé, bẹ̀rẹ̀ ìlànà kan ní Àrò tí gbogbo ayé wá kọ́. Dípò kí ó ti àwọn aláìsàn ọpọlọ mọ́ inú ọgbà, ó fi wọ́n wọ̀ sí ilé àwọn ará abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn náà ká, ó sì béèrè pé kí ẹnì kan ó kéré tán nínú ẹbí bá aláìsàn gbé níbẹ̀. Aláìsàn a máa lọ gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn, a sì máa padà sí abúlé lọ ṣe iṣẹ́ oko tàbí iṣẹ́ ọwọ́, kí ó bá ènìyàn jẹun, kí ó bá ènìyàn ṣeré. Ó pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra pẹ̀lú.

Òye tí ó wà lábẹ́ ìlànà yìí ni pé ẹni tí a bá yà kúrò láàárín ènìyàn kí ara rẹ̀ tó yá, yóò tún kọ́ bí a ṣe ń bá ènìyàn gbé lẹ́yìn náà. Ìbátan tí ó bá a gbé yóò ti mọ àmì àìsàn, yóò ti mọ oògùn tí ó ń lò àti wákàtí rẹ̀, yóò sì ti mọ ọ̀rọ̀ tí ń mú ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Bí wọ́n bá jọ padà sílé, ìtọ́jú náà bá wọn padà. Nínú àpẹẹrẹ wa, ìyá àgbà láti Ọ̀yọ́ ni ó yẹ kí ó ṣe iṣẹ́ yìí.

8. Lẹ́yìn ìpadàbọ̀

Ọjọ́ tí ọmọ bá padà sílé ni ewu tuntun bẹ̀rẹ̀. Ara tí ó ti sinmi oògùn fún oṣù mélòó kan kò lè gba ìwọ̀n tí ó ń gbà tẹ́lẹ̀ mọ́. Bí ó bá tún ṣubú, tí ó sì gbé iye hóró àtijọ́ mì, èémí rẹ̀ lè falẹ̀ títí yóò fi dúró. Nítorí náà, kí ẹbí má ṣe fi ìpadàsẹ́yìn ṣe ohun ìtìjú tí ọmọ yóò máa fi pamọ́. Ohun tí a bá fi pamọ́ ni ó ń pa ni. Kí ó mọ̀ pé bí òun bá ṣubú, òun lè sọ, a ó sì gbé òun padà sí ọ̀dọ̀ dókítà ní ọjọ́ náà gan-an.

Kí a má ṣe fún un ní owó lásán. Kí a ra ohun tí ó nílò fún un. Kí ó padà sí ìdí iṣẹ́, ṣùgbọ́n kí ọ̀gá rẹ̀ mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀, kí ó má sì jẹ́ kí ó bá àwọn ẹgbẹ́ àtijọ́ sùn ní gáréèjì. Kí ó máa pa ọjọ́ tí dókítà dá fún un mọ́, kódà bí ara rẹ̀ bá ti le. Bí ẹbí bá fẹ́ gbàdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ní mọ́sálásí, kò sí ohun tí ó burú níbẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí a kò bá fi àdúrà rọ́pò ọjọ́ dókítà. Lákòótán, kí a má ṣe fi orúkọ àìsàn pè é nínú ilé. Ẹni tí a bá ń pè ní ọmọ igbó láàárọ̀ àti lálẹ́ yóò wá àwọn tí kò ka orúkọ náà sí èébú lọ.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan yóò béèrè pé, "Ṣé èyí kì í ṣe ìkẹ́bàjẹ́? Ṣé ẹni tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé oògùn mì kò ní jẹ̀bi rárá?" Ìbéèrè náà tọ́. Òtítọ́ ni pé òun ni ó gbé hóró àkọ́kọ́ mì, ìtọ́jú tí ó dára kò sì ní gba ojúṣe rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Gbèsè tí ó jẹ, òun ni yóò ṣiṣẹ́ san án. Aṣọ ìyá rẹ̀ tí ó jí tà, òun ni yóò tọrọ àforíjì rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè san gbèsè láti inú kànga. Kí a kọ́kọ́ fà á jáde ná. Bí a bá wí ọmọ, kí a tún fi ọwọ́ kan náà fà á mọ́ra: ọwọ́ òsì ni a fi ń bá ọmọ wí, ọwọ́ ọ̀tún ni a fi ń fà á mọ́ra.

9. Ìkádìí

Alàgbà Alága, ohun tí mo ń tọrọ lọ́wọ́ ẹ̀yin òbí ni pé kí ẹ tètè sọ̀rọ̀. Ọdún méjì tí ìyá yẹn fi dákẹ́ ni hóró kan fi di ohun tí kò níye. Lọ́wọ́ ẹ̀yin oníṣègùn, mo tọrọ pé kí ẹ béèrè ọ̀rọ̀ ìdílé ní ìkọ̀kọ̀, kí ẹ sọ ìdí rẹ̀, kí ẹ sì kọ orúkọ ẹni tí ọmọ náà ń gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu sínú ìwé yín. Lọ́wọ́ ìjọba, mo tọrọ ibi ìtọ́jú tí kò jìnnà sí tálákà, tí owó rẹ̀ kò sì ga jù fún ẹni tí ń ta aṣọ lọ́jà. Lọ́wọ́ àwa tí a wà ní yunifásítì, mo tọrọ pé kí a máa sọ ìmọ̀ yìí ní èdè tí ìyá náà gbọ́, nítorí àṣírí tí a kò lè sọ ní èdè ẹni, a kì í sọ ọ́ rárá.

A jogún ọ̀rọ̀ bárakú lọ́wọ́ àwọn baba wa, a kò sì ní sọ ọ́ nù. Ṣùgbọ́n a lè fi iṣẹ́ ọwọ́ wa fi hàn pé kì í ṣe gbogbo ohun tí ó wọ ara ni ó gbọ́dọ̀ bá ara kú.